Ẹja Kò Jìnnà sí Bèbè: Ìbéèrè Àwọn Àgbà Lórí Ìwọ̀ Jíjù

Ọ̀pọ̀ ìwé tó wọlé sọ́dọ̀ wa lẹ́nu àìpẹ́ yìí ló dá lórí ọ̀nà tí àgbàlagbà lè gbà fi ìwọ̀ pẹja láti orí bèbè, láìwọ ọkọ̀ ojú omi, láìsì náwó rẹpẹtẹ. A mú mẹ́rin nínú wọn. Orúkọ àwọn tó kọ ọ́ wà lọ́wọ́ wa, ìlú wọn nìkan ni a tẹ̀ jáde.

ÌBÉÈRÈ: Okun o, Olóòtú wa. Ẹni ọdún 68 ni mí, iṣẹ́ olùkọ́ ni mo ṣe kí n tó fẹ̀yìntì. Ọmọ mi tó wà ní Amẹ́ríkà máa ń fi àwòrán àwọn àgbàlagbà ibẹ̀ ránṣẹ́ sí mi, tí wọ́n jókòó sórí àga létí omi, tí wọ́n ń fi ìwọ̀ pa ẹja kan tí wọ́n ń pè ní bass. Ó wù mí gan-an, nítorí pé nígbà tí mo wà lọ́mọdé, a máa ń pẹja nínú odò tó wà lẹ́yìn ìlú wa. Ṣùgbọ́n nígbà tí mo sọ pé mo fẹ́ tún bẹ̀rẹ̀, ọmọ ẹ̀gbọ́n mi kan ní àfi kí n ra ọ̀pá olówó ńlá, kí n sì wá ẹni tó ní ọkọ̀ ojú omi, torí pé àárín odò ni ẹja gidi wà. Ṣé òótọ́ ló sọ? Ṣé a sì lè rí bass yìí nínú odò tiwa? (Kàbà)

ÌDÁHÙN: Bàbá, ẹ kú iṣẹ́ ọmọ títọ́ láti ọjọ́ yìí wá. Ẹ jẹ́ kí n kọ́kọ́ dáhùn ìbéèrè kejì, torí pé kò gùn. Kò sí bass nínú odò Oyi, kò sì sí i nínú odò Kampe. Ẹja Àríwá Amẹ́ríkà ni. Èyí tí wọ́n sábà máa ń pa lọ́hùn-ún, largemouth bass, ni ẹja aláwọ̀ ewé tí ìlà dúdú gba ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ kọjá, tí ẹnu rẹ̀ sì fẹ̀ débi pé ìgun àgbọ̀n òkè kọjá ẹ̀yìn ojú. Àwọn èèyàn ti kó o dé gúúsù Áfíríkà àti adágún Naivasha ní Kenya, ṣùgbọ́n mi ò ní gba ẹnikẹ́ni nímọ̀ràn láti kó o wá sọ́dọ̀ wa, nítorí pé ẹja tó ń jẹ ẹja ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ni, àwọn ọmọ ẹja tó ti wà nínú omi wa kò sì mọ̀ ọ́n rí tí wọn yóò fi mọ bí a ṣe ń sá fún un.

Ní ti ohun tí ọmọ ẹ̀gbọ́n yín sọ, kò rí bẹ́ẹ̀. Ibi tí omi ti pàdé ilẹ̀ ni oúnjẹ ẹja pọ̀ sí jù lọ. Kòkòrò orí koríko máa ń já bọ́ síbẹ̀, èso igi tó pọ́n máa ń bọ́ síbẹ̀, òjò máa ń gbá ekòló àti ikán wọ̀ ọ́, oòrùn sì máa ń ràn dé ìsàlẹ̀ omi tí kò jìn, èyí tó ń jẹ́ kí ewé omi hù. Inú ewé omi yìí ni àwọn ọmọ ẹja ń sá pamọ́ sí, ibẹ̀ náà sì ni ẹja ńlá ti ń wá wọn lọ ní ìdájí àti ní ìrọ̀lẹ́, nígbà tí oòrùn kò le. Bass gan-an kì í sábà lé ohun tó fẹ́ jẹ kiri. Á lúgọ sábẹ́ ìtì igi tó wó sínú omi, tàbí sábẹ́ pákó tí wọ́n ń so ọkọ̀ mọ́, tàbí sáàárín koríko, á sì já lu ohun tó bá ń kọjá lọ. Ìdí nìyẹn tí àwọn bàbá tí ẹ rí nínú àwòrán fi lè jókòó sórí àga kí wọ́n sì mú un. Ohun tó gbé e dé etí omi lọ́hùn-ún ló gbé ẹja tiwa náà dé etí omi níbí.

Ohun tó ń ba iṣẹ́ ọ̀pọ̀ ẹni tó ń pẹja lórí bèbè jẹ́ ni pé wọ́n á rìn gìrìgìrì dé etí omi, wọ́n á dúró síbi tí ẹja wà gan-an, wọ́n á wá ju ìwọ̀ kọjá lórí rẹ̀ lọ sí àárín odò. Ẹja ní ìlà kan lára, láti ẹ̀yìn orí dé ìdí ìrù, tó fi ń mọ̀ bí omi bá mì. Ẹsẹ̀ tí ẹ fi kilẹ̀ lórí bèbè ti dé ọ̀dọ̀ rẹ̀ kí ẹ tó gbé àga kalẹ̀. Nítorí náà, ẹ yọ́ rìn, ẹ jókòó sẹ́yìn díẹ̀ sí etí omi, ẹ má jẹ́ kí òjìji yín bọ́ sójú omi, kí ẹ sì kọ́kọ́ fi ìwọ̀ sí ibi tó sún mọ́ yín kí ẹ tó ronú ibi tó jìnnà. Níbi èyí ni àgbà ti sàn ju ọ̀dọ́ lọ, nítorí pé ọ̀dọ́ kì í lè jókòó jẹ́ẹ́.

Ẹja méjì ni ẹ ó máa bá pàdé jù lọ. Ẹ̀pìyà máa ń jẹun lọ́sàn-án, ó fẹ́ràn ibi tí koríko omi wà, ẹnu rẹ̀ kékeré, ìwọ̀ kékeré ló sì yẹ ẹ́. Àrọ̀ fẹ́ràn ìrọ̀lẹ́ àti òru, ìsàlẹ̀ ẹlẹ́rẹ̀ ló ń gbé, ẹ ó sì máa rí i tó ń yọ ẹnu sókè láti mí, torí pé ó ní ohun tó fi ń mí atẹ́gùn òkè yàtọ̀ sí ìjàgbọ̀n rẹ̀. Níbi tí ẹ bá ti rí omi tó ń ru díẹ̀díẹ̀ bẹ́ẹ̀ ní ìrọ̀lẹ́, ẹ sàmì sí i.

Ẹ má bẹ̀rẹ̀ ní àárín òjò. Ní oṣù kẹjọ sí oṣù kẹwàá, odò wa máa ń kún, omi á pọ́n, bèbè á máa ya, ẹja á sì tàn ká sínú àbàtà tí ẹsẹ̀ yín kò lè dé. Láti oṣù kọkànlá títí di oṣù kẹta, omi á fà, á mọ́, ẹja á sì kó jọ sínú ibú kéékèèké tó kù. Àkókò àgbà nìyẹn. Àwọn tó wà ní ìhà Yàgbà Ìwọ̀-Oòrùn tún ní dáàmù tó wà ní ìlú Omi, níbi tí omi kì í ti í gbẹ bíi ti odò. Ṣùgbọ́n ẹ gba àṣẹ lọ́wọ́ àwọn tó ń bójú tó o. Bẹ́ẹ̀ náà ni kí ẹ béèrè lọ́wọ́ àwọn àgbà ìlú kí ẹ tó ju ìwọ̀ sínú odòkódò, torí pé a ní àwọn odò tí a kì í pẹja nínú wọn, ẹ̀yin náà sì mọ̀ bẹ́ẹ̀.

Ẹ wá jẹ́ kí a sọ ti ohun èlò, kí ọmọ ẹ̀gbọ́n yín lè fọkàn balẹ̀. Ẹ gé ọparun tó gbó, tó tẹ́ẹ́rẹ́, tó gùn tó mítà mẹ́ta tàbí kó lé díẹ̀. Ẹ fi í sí ibòji fún ọ̀sẹ̀ mélòó kan kó lè gbẹ, nítorí pé ọparun tútù wúwo, ọwọ́ á sì máa dun yín. Okùn ọ̀rá ni ẹ ó so mọ́ ọn, ẹ má sì so ó mọ́ góńgó orí rẹ̀ nìkan. Ẹ wé e wá sí ìsàlẹ̀ títí dé ìdajì ọ̀pá, ẹ so ó níbẹ̀ pẹ̀lú, kó má baà jẹ́ pé bí orí ọ̀pá bá ṣẹ́, ẹja á gbé gbogbo rẹ̀ lọ. Kí okùn tó sọ̀ kalẹ̀ láti orí ọ̀pá má gùn ju ọ̀pá náà lọ. Bí ẹ bá ti gbé ọ̀pá nàró, ìwọ̀ á máa bọ̀ wá sọ́wọ́ yín fúnra rẹ̀, ẹ kò sì ní máa nà sórí omi láti mú un. Òjé kékeré kan ni ẹ ó fún mọ́ okùn ní ìwọ̀n àtẹ́lẹwọ́ kan sókè ìwọ̀. Ohun tí yóò máa léfòó kò yẹ kí ẹ rà: ègé sílípáàsì tó ti gbó, tó tó orí àtàǹpàkò, tí ẹ fi ọ̀bẹ là ní ẹ̀gbẹ́ kan kí okùn lè há sínú rẹ̀, tó. Ẹ lè máa fà á lọ sókè sódò títí ìdẹ yóò fi wà níbi tí ẹ fẹ́, kó fẹ́rẹ̀ẹ́ kan ilẹ̀ fún àrọ̀, kó sì wà láàárín omi fún ẹ̀pìyà.

Kókó tí ẹ ó fi so ìwọ̀ ló ń dá ọ̀pọ̀ àgbà lágara, torí ojú tó ti ń ṣú àti ìka tó ń gbọ̀n. Kókó kan wà tó rọrùn tó sì lágbára. Ẹ ṣẹ́ okùn po sí méjì, ẹ ki ibi tó ṣẹ́po náà bọ ojú ìwọ̀, ẹ fi okùn oníméjì náà ta kókó kan ṣoṣo tí kò fún, kí ìwọ̀ sì máa rọ̀ nísàlẹ̀ rẹ̀. Lẹ́yìn náà, ẹ jẹ́ kí ìwọ̀ fúnra rẹ̀ gba inú ojóbó tó kù kọjá, ẹ fi itọ́ pa á, kí ẹ sì fà á ṣinṣin. Itọ́ yìí kì í ṣe àṣà lásán: okùn ọ̀rá máa ń gbóná níbi tó bá ti ń ha ara rẹ̀, èyí tó bá sì gbóná kì í lágbára mọ́. Ilé ni kí ẹ ti so ìwọ̀ bíi mẹ́fà sílẹ̀, nínú ìmọ́lẹ̀ tó dára, kí ẹ wé ọ̀kọ̀ọ̀kan mọ́ ègé páálí.

Ekòló ni olórí ìdẹ. Ẹ̀yìn ilé ìdáná, nídìí ọ̀gẹ̀dẹ̀ tí omi ìfọṣọ àti ìfọwọ́ ń ṣàn sí, ni ẹ ó ti rí i. Ẹ fi odidi rẹ̀ sí ìwọ̀ fún àrọ̀, kí ìrù rẹ̀ máa jó. Ṣùgbọ́n fún ẹ̀pìyà, ẹ gé e kúrú débi pé yóò bo ìwọ̀ tán láìsí àlékún, nítorí pé ìrù tó bá ṣẹ́kù ni ẹ̀pìyà yóò máa já jẹ láìfẹnu kan ìwọ̀. Bí ekòló kò bá sí, búrẹ́dì tí a fi omi díẹ̀ pò tàbí ẹ̀bà tó le yóò ṣe é fún ẹ̀pìyà.

Ohun tó kù ni kí ẹ mọ ohun tí ègé sílípáàsì yẹn ń sọ. Ẹ̀pìyà kì í gbé ìdẹ mì lẹ́ẹ̀kan náà. Á tọ́ ọ wò, sílípáàsì á gbọ̀n, á dúró, òrùka omi kékeré á tàn yí i ká, á tún gbọ̀n. Ẹni tó bá fa ọ̀pá ní àsìkò yìí, òfìfo ìwọ̀ ni yóò bá. Ẹ ní sùúrù títí yóò fi rì wọlé tàbí tí yóò fi fẹ̀gbẹ́ rìn lọ lójú omi, kí ẹ wá fi ọrùn ọwọ́ nìkan gbé ọ̀pá sókè. Kò gba agbára apá. Àrọ̀ kì í tọ́ nǹkan wò bẹ́ẹ̀. Sílípáàsì á kàn bẹ̀rẹ̀ sí í lọ, láìkánjú, lọ́nà kan ṣoṣo, á sì rì. Ẹ fún un láyè kí ó gbé e lọ díẹ̀. Bí ẹ bá ti gbé e gúnlẹ̀, ẹ fi aṣọ tútù dì í mú lẹ́yìn orí, torí ẹ̀gún tó wà nínú lẹbẹ méjèèjì tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ àyà rẹ̀ máa ń gún ni wọra.

ÌBÉÈRÈ: Olóòtú, ẹ gbà mí. Ọkọ mi ti lé ní àádọ́rin ọdún, ó ní ẹ̀jẹ̀ ríru, orúnkún rẹ̀ sì ń dùn ún. Òun nìkan ló máa ń lọ sódò láàárọ̀ láti fi ìwọ̀ pẹja, ó sì lè pẹ́ di ọ̀sán. Àwọn ọmọ ní kí n dá a dúró. Inú rẹ̀ sì máa ń dùn tó bá ti ibẹ̀ dé. Kí ni kí n ṣe? (Ìsánlú)

ÌDÁHÙN: Ìyá wa, ẹ má dá a dúró. Ẹni tó bá ń rìn dé etí odò tó sì ń rìn bọ̀, tí ojú àti ọwọ́ rẹ̀ ń ṣiṣẹ́, tí ọkàn rẹ̀ sì balẹ̀, ń ṣe ara rẹ̀ lóore ju ẹni tó jókòó sínú ilé láti àárọ̀ ṣúlẹ̀ lọ. Ohun tó yẹ kí ó yí padà ni pé kí ó má dá lọ mọ́. Ní àkókò tí a wà yìí, tí ọ̀nà oko kò fọkàn ẹni balẹ̀ bíi ti àtijọ́, kò yẹ kí àgbàlagbà kankan dá wà létí odò tó jìnnà sílé. Kí ó yan bèbè tó sún mọ́ ìlú, kí àwọn ọdẹ tó ń ṣọ́ àdúgbò mọ ibi tó wà, kí ọmọ-ọmọ kan tàbí ọ̀rẹ́ kan sì bá a lọ. Kí ó fi fóònù sínú ọ̀rá tó dì pa kó tó fi í sápò.

Ní ti orúnkún, àpótí ìjókòó kúkurú ni ọ̀tá rẹ̀. Ẹ wá àga tó ga tó bẹ́ẹ̀ tí ìdí rẹ̀ kò fi ní í rẹlẹ̀ ju orúnkún lọ, kí ẹsẹ̀ àga sì fẹ̀ nísàlẹ̀, kó má baà rì sínú ẹrẹ̀. Kí ó mú ọ̀pá ìtilẹ̀ dání. Bó bá fẹ́ dìde, kí ó kọ́kọ́ jókòó sí etí àga fún ìgbà díẹ̀, kí ó mi ẹsẹ̀ méjèèjì, kí ó tó dìde, pàápàá bí oògùn ẹ̀jẹ̀ ríru tó ń lò bá jẹ́ irú èyí tó ń mú kí èèyàn máa tọ̀ lóòrèkóòrè. Irú oògùn bẹ́ẹ̀ máa ń fa omi kúrò lára, oòrùn náà ń fa tirẹ̀, bó bá sì dìde wuuru, òòyì lè kọ́ ọ sínú omi. Kí ó mú omi mímu lọ, kí ó dé fìlà tó ní etí, kí ó sì kúrò níbẹ̀ kí oòrùn tó kàn tàrà. Ẹja pàápàá ti dẹ́kun jíjẹ nígbà yẹn.

Ẹ má jẹ́ kí ó wọnú omi rárá. Nínú omi tó dúró sójú kan, tí koríko pọ̀ nínú rẹ̀, ni ìgbín omi kéékèèké tó ń gbé kòkòrò àtọ̀sí ajá máa ń wà. Kòkòrò yìí kéré ju ohun tí ojú lè rí, awọ ara ẹni tó dúró sínú omi ló ń gbà wọlé, ọ̀sán gangan ló sì máa ń pọ̀ jù. Bó bá rí ẹ̀jẹ̀ nínú ìtọ̀ rẹ̀ lọ́jọ́ kan, kí ó lọ sí ilé ìwòsàn, oògùn rẹ̀ wà. Níbi tí omi ti ń sáré gba orí àpáta kọjá, eṣinṣin dúdú kékeré tó ń jẹni lọ́sàn-án ló ń fi àrùn ojú fífọ́ ta ni lára. Kí ó máa wọ aṣọ alápá gígùn àti ṣòkòtò tó bo ẹsẹ̀, kí ó yan ibú tó dákẹ́ dípò ibi tí omi ti ń hó, kí ó sì rí i dájú pé òun lo Mectizan, oògùn àrùn náà, nígbàkígbà tí wọ́n bá ń pín in. Ọ̀fẹ́ ni; láti 1987 ni ilé-iṣẹ́ Merck tó ń ṣe é ti ṣèlérí láti máa fi í tọrẹ.

Ó ku ọ̀kan tí mi ò lè ṣàìsọ fún ẹni tó ní ẹ̀jẹ̀ ríru. Bí ìwọ̀ bá gbé òjìjí, ẹja sísanra tí awọ rẹ̀ rọ̀, tó ní irùngbọ̀n, tí kò sì ní lẹbẹ gíga lẹ́yìn, kí ó má fọwọ́ kàn án, kí ó má sì fọwọ́ di okùn tútù náà mú. Iná tó wà lára òjìjí ńlá lè tó fóltì 350. Ara líle lè gbà á, ṣùgbọ́n kì í ṣe ohun tí a ń fi dán àyà àgbàlagbà wò, ẹni tó bá sì ta gìrì lórí bèbè lè yọ̀ ṣubú sómi. Kí ó fi ọ̀bẹ tó ní èèkù igi gbígbẹ gé okùn, kí ó jẹ́ kí ó máa lọ.

ÌBÉÈRÈ: Mo ń lọ kí ọmọ mi ní Amẹ́ríkà, wọ́n sì ní adágún kan wà lẹ́yìn ilé wọn tí bass wà nínú rẹ̀. Mo fẹ́ mọ ohun tó yẹ kí n mọ̀ kí n tó dé ibẹ̀, kí n má baà dójú ti ọmọ. (Ẹ̀gbẹ̀)

ÌDÁHÙN: Ìwé àṣẹ ni kí ẹ kọ́kọ́ béèrè. Ìpínlẹ̀ kọ̀ọ̀kan lọ́hùn-ún ló ní òfin tirẹ̀ lórí ẹja pípa, àánú tí wọ́n sì ń ṣe fún àgbàlagbà sábà máa ń jẹ́ ti àwọn tó ń gbé nínú ìpínlẹ̀ náà. Ní Florida, fún àpẹẹrẹ, ẹni tó ń gbé ibẹ̀ tó sì ti pé ọdún 65 kò nílò ìwé àṣẹ, ṣùgbọ́n àlejò tí ọjọ́ orí rẹ̀ tó bẹ́ẹ̀ nílò rẹ̀. Kí ọmọ yín bá yín gbà á kí ẹ tó fi ọwọ́ kan ọ̀pá, kí ó sì bi wọ́n léèrè iye ẹja tí ẹ lè mú lọ sílé àti bó ṣe gbọ́dọ̀ gùn tó.

Ẹ̀rọ tó ń ká okùn wà ní oríṣiríṣi, àwọn kan nínú wọn á sì máa dí mọ́ ẹni tí kò bá mọ̀ wọ́n lò. Ẹ ní kí ọmọ yín fún yín ní èyí tí a bò pa, tó ní bọ́tìnnì kan lẹ́yìn, tí ẹ ó fi àtàǹpàkò tẹ̀, tí ẹ ó sì jù sílẹ̀ nígbà tí ẹ bá ń ju ìwọ̀. Ìka tó ti ń le kò ní í ní wàhálà pẹ̀lú rẹ̀. Ilé-iṣẹ́ Zebco ní Tulsa ló sọ irú ẹ̀rọ tí a bò pa yìí di ohun tó kárí, láti 1949. Ọdún yẹn kan náà ni Nick Creme ní Akron, ní ìpínlẹ̀ Ohio, ṣe ekòló oníke tó rọ̀, èyí tó jẹ́ pé di òní, kò sí ìdẹ tí mo lè gba àgbà nímọ̀ràn láti lò fún bass ṣáájú rẹ̀. Kò nílò kí ẹ máa gbẹ́lẹ̀ wá a, kì í kú, ẹ sì lè fi ẹnu ìwọ̀ pamọ́ sínú ara rẹ̀, kí koríko omi má baà há mọ́ ọn.

Ẹ má jù ú sí àárín adágún. Ẹ dúró sí igun bèbè, ẹ jù ú kí ó bọ́ sẹ́gbẹ̀ẹ́ bèbè náà, níbi tí ìtì igi tàbí koríko bá wà, kí ẹ sì jẹ́ kí ó rì pẹ̀lẹ́ láìfà á. Ojú okùn ni kí ẹ máa wò. Bí okùn tó ti dẹ̀ bá ṣàdédé fò díẹ̀, tàbí tó bẹ̀rẹ̀ sí í rìn lọ sí ẹ̀gbẹ́, ó ti gbé e. Ẹ ká okùn tó dẹ̀ náà wálé, kí ẹ tó gbé ọ̀pá.

Bí ẹ bá dé ibẹ̀ ní ìgbà tí òtútù wọn ń kásẹ̀ nílẹ̀, tí omi bẹ̀rẹ̀ sí í lọ́wọ́ọ́wọ́, ẹ ó rí bass tó dúró sójú kan nínú omi tí kò jìn, tí kò fẹ́ kúrò. Akọ ni. Òun ló fi ìrù gbá ìtẹ́ náà, abo yé ẹyin síbẹ̀, ó sì lọ, bàbá ló wá ń ṣọ́ ẹyin àti ọmọ. Ní ti irú ẹ̀pìyà kan tó wọ́pọ̀ nílé, ìyá ló ń kó ẹyin àti ọmọ sẹ́nu. Ẹ jọ̀wọ́, ẹ jẹ́ kí bàbá yẹn wà níbẹ̀. Bí ẹ bá mú un kúrò, àwọn ẹja kéékèèké á ya bo ìtẹ́ náà.

Wọ́n á kọ́ yín láti ki àtàǹpàkò bọ bass lẹ́nu, kí ẹ di àgbọ̀n ìsàlẹ̀ rẹ̀ mú. Ẹ má bẹ̀rù. Eyín rẹ̀ wẹ́wẹ́, ó kàn ń ha awọ ni, kì í gé e. Bó bá tóbi, ẹ fi ọwọ́ kejì gbé ikùn rẹ̀, kí àgbọ̀n rẹ̀ má baà yẹ̀. Ṣùgbọ́n ẹ fi àṣà yìí sílẹ̀ lọ́hùn-ún nígbà tí ẹ bá ń bọ̀ wálé, torí pé odò Ọya wa ní ẹja tí eyín rẹ̀ rí ṣóńṣó, tó sì lè gé ìka. Ọ̀pọ̀ àgbà lọ́hùn-ún máa ń dá bass padà sómi. Bí ẹ bá fẹ́ jẹ ẹ́, kí ọmọ yín wo ohun tí ìjọba ibẹ̀ sọ nípa adágún náà, nítorí pé èròjà mercury, tó jẹ́ májèlé, máa ń pọ̀ nínú ẹja tó ń jẹ ẹja, ó sì máa ń pọ̀ sí i bí ẹja náà bá ṣe ń dàgbà. Kékeré tí òfin gbà ni kí ẹ jẹ, kí ẹ jẹ́ kí ńlá máa lọ.

ÌBÉÈRÈ: Mo dé etí odò láàárọ̀ ọjọ́ kan, mo sì bá ẹja tó ń léfòó káàkiri, àwọn kan ṣì ń mí. Àwọn ọ̀dọ́ ń ṣa á. Ṣé mo lè ṣa tèmi? (Mọ̀pà)

ÌDÁHÙN: Ẹ má ṣa á, Bàbá, ẹ má sì jẹ nínú èyí tí wọ́n bá fún yín. Bí ọ̀pọ̀lọpọ̀ ẹja bá ṣàdédé léfòó lẹ́ẹ̀kan náà, àfi kí a gbà pé májèlé wà nínú omi náà títí a ó fi mọ̀ pé kò rí bẹ́ẹ̀. Àwọn kan ṣì ń da oògùn kòkòrò kòkó, irú Gamalin, sínú odò láti fi pẹja. Oògùn yìí kì í tètè jẹrà, inú ọ̀rá ara ló máa ń sá sí, iná kì í sì í sè é kúrò nínú ẹja. Omi náà kò yẹ fún mímu fún ẹran ọ̀sìn tàbí èèyàn. Ẹ fi tó baálẹ̀ àti àwọn òṣìṣẹ́ ìlera létí lọ́jọ́ náà gan-an, ẹ sì jẹ́ kí àwọn tó ń pọnmi nísàlẹ̀ odò gbọ́ kíákíá. Gbogbo ọmọ ẹja àti kòkòrò omi tí ìyókù ìbá jẹ dàgbà ló ń bá májèlé náà lọ. Ẹ fi ìwọ̀ yín kọ́ títí òjò yóò fi kún odò náà tí yóò sì fọ̀ ọ́, kí ẹ tún máa lọ wò ó bóyá ẹ ó rí ọmọ ẹja nínú koríko etí bèbè, kí ẹ tó ju ìwọ̀ síbẹ̀.